Ẹni Tí Sájẹ́ǹtì Kò Dá Sílẹ̀

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Bùràímọ̀ ọkọ mi ṣì wà láyé, ó ń ṣe káfíńtà ní Fádèyí, apá rẹ̀ sì le bí igi ìrókò. Adébọ̀dé wà láyé, ó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, gbogbo èékánná rẹ̀ dúdú fún yíǹkì. Yaqub onífárí wà láyé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi bó bá ń sùn. Ìyá tó bí mi wà láyé pẹ̀lú. Ẹnu ọ̀nà yàrá wa ní Fọlá Agoro ló máa ń jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì wọ bàtà ṣójà kọjá, á na ọrùn, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò rí Kàsúmù mi bọ̀?”

Sájẹ́ǹtì Àjàlá náà wà láyé. Ara rẹ̀ ń dán. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ ogun, ó kọ́ ilé alájà kan sí Ladi-Lak ní Bàrígà, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, àwọn alágbádá tó fẹ́ gbàjọba lọ́wọ́ ṣójà lọ́dún náà sì ń wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n ń jáde.

Ẹni tí kò sí láyé mọ́ ni Kàsúmù Àkànní, àbúrò mi. Òun nìkan ṣoṣo lọ́kùnrin tí ìyá wa bí. Ṣúmékà ni, abẹ́ igi kan ní Fádèyí ló ti ń rán bàtà, kò sì sí bàtà tí yóò kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí o ò ní lè wo ojú rẹ nínú rẹ̀. Ọdún tí ogun Bìáfírà bẹ̀rẹ̀ ló lọ gba iṣẹ́ ṣójà. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Mo di gààrí, mo di abẹ́là sí i, nítorí abẹ́là yíyọ́ ló máa ń fi kun bàtà kí ó tó fi itọ́ àti aṣọ òwú dán an.

Bàtà ṣójà rẹ̀ nìkan ló padà wálé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ṣójà kan tí mi ò mọ̀ rí ló gbé e wá, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni wé ọmọ ọwọ́. Ó ní Bùràímọ̀ ni òun ń jẹ́, ibùdó kan náà ní Òkè Ọya ni òun àti Kàsúmù ti jọ kọ́ iṣẹ́ ogun. Ó ní ojú ìjà ni Kàsúmù kú sí, ó ní ìbọn bà á, kò sì jẹ̀rora. Ìyá mi ò gbà. Èmi gbà. Nígbà tí ogun parí, ọkùnrin náà padà wá, ó ń bá ìyá mi pọn omi, ó ń bá a ṣe òrùlé tó ń jò, ó pẹ́ títí, mo fẹ́ ẹ. Ọwọ́ tó gbé bàtà àbúrò mi wá fún mi ni mo fẹ́. Mo fi bàtà náà kọ́ sára ògiri, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sì máa ń kùn ún.

Iṣẹ́ agbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Aṣọ kákí ni mo mọ̀ jù. Bí mo bá ti ri kákí bọ inú sítáàṣì, tí mo sá a, tí mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, ṣòkòtò á dá dúró láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ṣójà àtijọ́ tó wà láti Fádèyí dé Bàrígà fi ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí wọ́n bá sì ti jókòó, ọ̀rọ̀ ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ogun ló kù. Ẹ wá wo àwọn àgbà ọkùnrin tí ojú wọn ń tàn bí ojú ọmọ ọjọ́ Iléyá.

“Yaqub, ṣé o rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí o fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ilẹ̀ bárékè?” Bùràímọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

“Ilẹ̀ yẹn ṣì ń dán di ìsinsìnyí,” Yaqub á dáhùn. “Ìyàwó mi ò jẹ gbà pé mo gbálẹ̀ rí.”

“Ìwọ tí wọ́n ní kó yí sọ́tùn-ún, tó yí sósì, tó lọ fi imú gbá Adébọ̀dé nímú!”

“Èmi kọ́! Ọ̀tún ìlú wọn ni kò sí níbi tí tiwa wà.”

Wọn á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi máa nu ojú. Adébọ̀dé kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Igun Ọ̀tún, nítorí nígbà tí wọ́n wà ní ibùdó, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde dúró, tí gbogbo ìlà á wò ó kí wọ́n tó tò. Á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìyà jẹ wá níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbádùn ayé tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. A wọlé bí ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà tó fi máa di ọjọ́ páásín-áòtì, tí fèrè dún, ẹsẹ̀ gbogbo wa ń balẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo.”

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi ọjọ́ páásín-áòtì yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ń yan níwájú àwọn ọ̀gá tí wọ́n sì ń di ṣójà pátápátá, ẹ̀rín á kú. Yaqub á ní kí n fún òun lómi. Bùràímọ̀ á dìde lọ wo ohun tí kò nù. Èmi rò pé adùn ló ń mú wọn dákẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìjọba ó bọ́ sọ́wọ́ alágbádá, ní ọdún 1979, ìròyìn dé pé àwọn ṣójà àtijọ́ yóò yan ní pápá kan ní Bàrígà lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, níwájú gbogbo àwọn tí a dìbò fún. Inú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí dùn débi pé wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ fi ẹsẹ̀ dánrawò lórí ilẹ̀ gbalasa kan nítòsí wa. Mo gbé kákí tí mo ti lọ̀ lọ fún wọn lọ́jọ́ kan, mo sì dúró wò wọ́n. Ẹ̀yin ará mi, ó dùn ún wò! Ṣùgbọ́n ojú obìnrin tó ń lọ aṣọ ni ojú mi, ibi tó bá rún ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Mo rí i pé nínú ìlà tó wà láàrin, ó ní àyè kan tó ṣófo. Wọ́n yí, àyè náà yí. Wọ́n rìn, àyè náà ń bá wọn rìn, bí ẹni pé ènìyàn tí ojú mi ò rí ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn láti Fádèyí fẹ́ lọ dúró síbẹ̀, kíá ni Adébọ̀dé dì í mú lápá, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá.

Mo ní, “Bàbá Ràfíátù, ẹ̀yin ò rí i pé ẹ fi àyè sílẹ̀ ni?”

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú. Yaqub, Yaqub onífárí, wolẹ̀.

Nígbà tí a délé mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, “Ta ló ni àyè yẹn?”

“Rọ̀kíbátù, má bi mí.”

“Ta ló ni ín?”

Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó bo ẹnu bí ẹni tí eyín ń dùn. “Mo fẹnu kan irin,” ó ní. “Gbogbo wa pátá. Wọ́n yọ ọ̀bẹ tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ìbọn, wọ́n ní kí a fi eyín dì í mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a ní bí ẹnu wa bá sọ ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ náà, kí irin máa lépa wa káàkiri. Ojú ogun la sì ń lọ, Rọ̀kíbátù. Irin là ń sùn tì, irin là ń jí bá. Ta ló fẹ́ bá irin ṣọ̀tá?”

“Ta ló yọ ọ̀bẹ náà?”

Ó kọ ojú sí ògiri. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo tẹ̀ lé ojú rẹ̀ dé ibi bàtà tó wà lára ògiri, mo sì mọ ẹni tó ni àyè náà. Ọkùnrin yìí sùn tì mí láti ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ àbúrò mi wà lẹ́nu rẹ̀ bí eegun ẹja.

Ọlọ́run tó ni ẹ̀san ò jẹ́ kó pẹ́. Ó rán ẹni tó yọ ọ̀bẹ wá bá mi fúnra rẹ̀.

Àjàlá ni wọ́n fi ṣe olórí páréèdì náà. Ó sì gbọ́ pé kò sí ẹni tí kákí rẹ̀ ń le bíi tèmi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọlé, ó gbé aṣọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó jókòó sórí àga ọkọ mi láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó.

“Ìyá Ràfíátù, rí i pé sítáàṣì yẹn le o! Mo fẹ́ kí àwọn alágbádá rí i pé ṣójà ló bí wọn.”

“Ó máa le, sà.”

“Àwọn ọkọ yín wọ̀nyí, èmi ni mo kọ́ wọn. Mo fi ojú wọn rí nǹkan!” Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín wúrà rẹ̀ ń tàn. “Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣójà dùn. Lábẹ́ èmi Àjàlá, bí mo bá fi rìkúrúùtì tó ń kọ́ṣẹ́ ogun síbi ìyà, èmi nìkan ni mo lè ní kó kúrò níbẹ̀. Ọ̀gágun ìbáà kọjá, kò gbọdọ̀ mira. Àfi tí mo bá ní ‘Dísìmíìsì!’ Bí mi ò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló wà.”

Ìyá mi na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ṣójà, ṣé ẹ ò rí Kàsúmù mi bọ̀?”

“Kàsúmù wo, màmá? Kàsúmù pọ̀ ju èèrà lọ.” Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yíjú sí ògiri. Ó rí bàtà. Ẹ̀rín náà dúró sójú rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. “Ta... ta ló ń kun bàtà báyìí?”

“Àbúrò mi ló kọ́ mi, sà. Abẹ́là yíyọ́ díẹ̀, itọ́ díẹ̀.”

Ó dìde. Àkókò yẹn gan-an ni Bùràímọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ wá wo ọkọ mi, ọkùnrin tó ń gbé pákó lérí! Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó na apá mọ́ ìhà bíi rìkúrúùtì. Àjàlá kò wò ó. Ó kọjá lára rẹ̀, kò tọ́ omi tí mo gbé kalẹ̀ wò. Kò sí ẹni tó ṣí ẹnu sọ ohunkóhun fún mi, ṣùgbọ́n mo ti mọ ọwọ́ tó yọ ọ̀bẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú mo pe àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá. Mo gbé bàtà sílẹ̀ sí àárín wa. Mo ní, “Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí irin ní kó má sọ. Èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ yín ni n ó máa gbọ́.” Wọ́n ń wò mí. “Irọ́ ni pé ojú ìjà ni Kàsúmù kú sí.”

Wọ́n dákẹ́.

“Ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ló kú sí. Kò débi tí wọ́n ti ń ṣe páásín-áòtì.”

Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ tí aago ọwọ́ Adébọ̀dé ń lu.

“Àjàlá ló pa á.”

Bùràímọ̀ gbé orí lé orúnkún. Mo ṣí àyà, mo di ọmú mi méjèèjì mú, mo ní, “Mo fi ọmú ìyá tí èmi àti Kàsúmù jọ mu búra: Àjàlá ò ní fi ọwọ́ rọrí kú. N ó gbé áyọ́ọ̀nù yìí pẹ̀lú ẹ̀yinná nínú rẹ̀ lọ sí Ladi-Lak, n ó sì lọ ojú rẹ̀ bí ẹni lọ kọ́là ẹ̀wù!”

“Ìyá Ràfíátù, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀,” ni Adébọ̀dé wí. “Bí ẹ bá sun ún lójú lónìí, ọlọ́pàá á mú yín, wọ́n á máa kí i pẹ̀lẹ́, á tún kú ikú akọni. Ẹni tó fẹ́ pa ejò, orí ló ń lù. Orí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀.”

“Ṣé kí n wá máa kọrin fún un ni?”

“Ẹ jẹ́ n ronú.” Ó fi èékánná dúdú rẹ̀ ha àgbọ̀n. “Yaqub, lọ́jọ́ tí a kan irin, Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kàn án?”

“Òun kẹ̀?” Yaqub ní. “Ọ̀gá ni! Ó ní irin á ha eyín wúrà òun. Àwa olósì eyín egungun ló di irin mú.”

“Ó dára. Ẹnu tirẹ̀ ò ní ìdè nígbà náà.” Adébọ̀dé dìde dúró bí ìgbà tó wà lórí ìlà. “A búra pé a ò ní sọ ohun tójú wa rí. A ò búra pé a ò ní jábọ̀. Bí Sájẹ́ǹtì bá jáde síwájú ìlà, èmi Igun Ọ̀tún gbọ́dọ̀ jábọ̀ iye ẹni tó pé àti ibi tí ẹni tí kò pé wà. Òfin ni. Òun ló kọ́ mi. Kí ló wá ṣe Kàsúmù? Sájẹ́ǹtì fi í síbi ìyà. Ta ló gbọ́ ‘Dísìmíìsì’ lẹ́nu rẹ̀ títí di òní?”

Yaqub bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín.

“Irin gbọ́n jù wá lọ o,” Bùràímọ̀ ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. “Bó bá ní ọgbọ́n la fi jẹ òun ńkọ́?”

“Bí irin bá bínú, èmi tí mo jábọ̀ ni kó bá jà,” Adébọ̀dé dáhùn. “Láti ọjọ́ tí a ti kúrò níbẹ̀ ni mo ti ń fi àyè Kàsúmù sílẹ̀ bí mo bá ń rìn, ì báà jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà lójú títì. Ó ti rẹ̀ mí láti máa fi ẹsẹ̀ sọ ohun tí ẹnu ń bẹ̀rù.”

Bùràímọ̀ wò mí. Ó wo bàtà. Ó ní, “Kò ní jẹ́ ìwọ nìkan. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kó kọjá sọ́dọ̀ mi.”

Mo lọ kákí Àjàlá. Mo fi gbogbo agbára mi lọ̀ ọ́. Sítáàṣì inú rẹ̀ le débi pé kọ́là rẹ̀ lè gé tòmátì. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí ọlá lára rẹ̀ kí ó tó wó.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Láti òwúrọ̀ ni rédíò ti ń sọ̀rọ̀ ìjọba tuntun. Àwọn ṣójà àtijọ́ tò sójú títì ní Fọlá Agoro, wọ́n gbéra. Àwọn atẹ̀wé dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró, àwọn ìyàwó ilé ń ju ọwọ́. Èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bàtà wà lórí mi nínú aṣọ funfun tó bá a wá láti Òkè Ọya. Mo ń kì í lábẹ́ ètè: Àkànní, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ abẹ́ Olúmọ, a-tẹlẹ̀-jẹ́jẹ́-bí-ẹni-tẹ-ẹyin, a-kun-bàtà-kí-ọba-rí-ojú-ara-rẹ̀, dìde, wọ́n ń pe ìlà. Bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń balẹ̀, gbì, gbì, gbì, àyè tó ṣófo náà ń bá wọn lọ, gbogbo ènìyàn sì rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Pápá náà kún. Àwọn alágbádá jókòó sábẹ́ ìbòji. Àjàlá jáde sínú oòrùn, ọ̀pá lábíyá, àwọn ẹ̀yẹ ogun ń tàn láyà rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè dé etí gbogbo Bàrígà. Ó pàṣẹ, wọ́n dúró ṣánṣán. Ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó mi orí. Ó wo ìlà àárín.

“Kí ló ṣe àyè yẹn? Ẹ dí i!”

Ẹnikẹ́ni ò mira.

“Mo ní ẹ dí i!”

Mo wọ pápá. Ọlọ́pàá kan fẹ́ dá mi dúró, ìyá àgbà kan sọ fún un pé ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ṣeré ni. Mo tú aṣọ funfun, mo gbé bàtà Kàsúmù kalẹ̀ sínú àyè rẹ̀, gìgísẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dúró. Mo padà sẹ́yìn. Oòrùn bọ́ sórí bàtà náà, ó sì kọ mọ̀nà bá Àjàlá lójú.

Ohùn Àjàlá ti ń yí. Ìwà tó ti mọ́ ọn lára ló gbà á lẹ́nu. Ó ní, “Igun Ọ̀tún, jábọ̀!”

Adébọ̀dé gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. “Ẹnìkan kò pé, sà! Kàsúmù Àkànní! Ó wà níbi ìyà tí ẹ fi í sí, sà! Ẹ kò tíì dá a sílẹ̀!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín láàrin èrò. Àjàlá gbé ọ̀pá sókè. “Dísìmíìsì! Gbogbo yín, dísìmíìsì!”

Kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan. Bùràímọ̀ ọkọ mi ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bàtà náà, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. “A ò lè lọ ká fi í sílẹ̀, sà. A ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ dá òun sílẹ̀ ná.”

“Ẹ dá a sílẹ̀, sà!” Gbogbo ìlà ló gbà á.

“Ta ni wọ́n ní kó dá sílẹ̀?” alágbádá kan bèèrè lábẹ́ ìbòji. “Sájẹ́ǹtì, ta ló ń jẹ́ Kàsúmù?”

Òógùn ń ṣàn sínú kọ́là tí mo lọ̀. Ó wo bàtà. Ó wo ọ̀nà àbájáde, àwọn ènìyàn ti dí i. Ó wá pariwo, gbohùngbohùn sì gbé e lọ títí dé Ladi-Lak: “Ó ti kú! Kí lẹ fẹ́ kí n dá sílẹ̀ lára òkú? Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni! Ọ̀sán tó ṣáájú páásín-áòtì, mo ní kó gbé ìbọn sókè lórí kó dúró dè mí, mo lọ mu ọtí, oorun gbé mi lọ. Ṣé èmi ni oòrùn ni? Ta ló ní kí bàtà rìkúrúùtì dán ju tèmi lọ?”

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nínú èrò bo ẹnu.

Mo ti múra sílẹ̀ de ìkórìíra. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀, mo ti sọ fún ara mi pé ọkùnrin yìí kórìíra àbúrò mi, ó rò ó, ó gbìmọ̀ rẹ̀, ó pa á. Ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì. Ó gbàgbé rẹ̀! Ọmọ tí ìyá mi ò gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan, ó gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn bí ẹni gbàgbé aṣọ. Àwọn tó kù sì ń wò ó láti ojú fèrèsé bárékè, ìbọn lókè orí rẹ̀, títí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn àfi ẹni tó ń sùn.

Bùràímọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàtà. Wọ́n yí, wọ́n yan kúrò lórí pápá láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àjàlá nìkan ló kù nínú oòrùn pẹ̀lú gbohùngbohùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò bi ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà ṣójà ní ìbéèrè mọ́. Mo sọ fún un, ó sunkún, ó sùn. Irin kò bá Adébọ̀dé jà, kò bá ọkọ mi jà. Àwọn alágbádá sì gbé àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàlá. Bó bá jáde ní Ladi-Lak, àwọn ọmọdé á máa kígbe tẹ̀ lé e pé, “Sájẹ́ǹtì, ẹ dá a sílẹ̀ o!”

Ó wá bẹ̀ mí. Ó kọ́kọ́ fi àwọn àgbà ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ló wá fúnra rẹ̀. Kò jókòó sórí àga ọkọ mi mọ́. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà iwájú ilé wa ló dúró sí, fìlà lọ́wọ́. “Ìyá Ràfíátù, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. Ọkùnrin tó ń pè mí ní ìwọ! “Oorun ò kùn mí mọ́. Ẹ ní ẹ ti dárí jì mí. Ẹ dá mi sílẹ̀.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́.” Mo ń lọ aṣọ mi lọ.

Kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun dúró, nítorí mi ò ní kó lọ, mi ò ní kó dúró. Oòrùn ń pa á. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló lọ. Ó tún padà wá. Ọdún yí lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ń joro, kákí tí mo lọ̀ fún un ń mì lọ́rùn rẹ̀. Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí. Ó ní, “Rọ̀kíbátù, ó tó gẹ́ẹ́.” Mo bi í pé nígbà tí Kàsúmù gbé ìbọn sókè, ta ló sọ fún òun pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọkọ mi ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi pa ẹnu dé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ni. Morọ́láyọ̀, ọmọbìnrin Àjàlá, sáré wọlé tọ̀ mí, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù fún omi sítáàṣì.

“Màmá, bàbá mi ń lọ. Ẹ̀mí ò jáde, ẹ̀mí ò wọlé. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ sọ ọ́, kí wọ́n lè lọ sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, màmá, nítorí Ọlọ́run.”

Mo fà á dìde. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí. Mo ní, “Máa lọ, ọmọ mi. Mò ń bọ̀.”

Ó lọ. Mo kó èédú tuntun sínú áyọ́ọ̀nù, mo fẹ́ ẹ títí ó fi pọ́n. Mo lọ kákí kan, mo lọ òmíràn. Mo gbé bàtà Kàsúmù wálẹ̀ lára ògiri, mo yọ́ abẹ́là, mo kùn ún, mo fi aṣọ òwú nu ún jẹ́jẹ́ títí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Oòrùn kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí ojú gọ́tà, ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Morọ́láyọ̀ padà wá, kò wé gèlè. Kò sáré mọ́.

“Ẹ ò wá, màmá,” ó ní. “Wọ́n dúró dè yín títí. Wọ́n gbé apá wọn méjèèjì sókè báyìí, a ò mọ ohun tí wọ́n ń gbé. A fà á wálẹ̀, kò wálẹ̀. Wọ́n kàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe kú nìyẹn.”

Mo gbé bàtà padà sí ààyè rẹ̀ lára ògiri.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” mo wí fún un. “Mo gbàgbé ni.”